Autogamy: Òdòdó Tó Ń Gba Àtíkè Ara Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká tú palẹ̀ lónìí: autogamy. Àwọn onímọ̀ ewéko ló ń lò ó, àmọ́ ó kan ẹnikẹ́ni tó bá ti gbin tòmátì sójú fèrèsé rí, tàbí tó ń tọ́jú irúgbìn ẹ̀wà láti ọdún kan dé òmíràn. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: kí òdòdó gba àtíkè ara rẹ̀, kó sì fi so èso. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń díjú ni ìgbà tí a bá fẹ́ máa sọ ọ́ ní Yorùbá. Ọ̀nà mẹ́ta ló máa ń gbà jáde lẹ́nu wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ló sì ní ohun tirẹ̀ tó ń sọ. Ẹni tó bá lo ọ̀kan níbi tó yẹ kó ti lo òmíràn lè pàdánù tòmátì, ó sì lè pàdánù irúgbìn.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe jẹun, n kì í ṣe àgbẹ̀. Àmọ́ a ní àyè díẹ̀ lẹ́yìn ilé níbí ní Houston, oòrùn ibẹ̀ sì mú bí oòrùn ilé, nítorí náà mo máa ń gbin ẹ̀wà àti ilá síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú òdòdó. Nínú òdòdó tòmátì, ti ẹ̀wà, ti ilá àti ti ata, akọ àti abo jọ ń gbé inú òdòdó kan náà ni. A lè pe irú rẹ̀ ní òdòdó takọtabo. Ẹ̀yà akọ ló máa ń mú lẹ́búlẹ́bú kan jáde tó kúnná púpọ̀. Òun ni mò ń pè ní àtíkè òdòdó, nítorí ó jọ àtíkè tí àwọn ìyá wa ń fi pa ọmọ lára lẹ́yìn ìwẹ̀. Ẹ máa rí àwọn mìíràn tó ń pè é ní lẹ́búlẹ́bú òdòdó. Kò burú, ohun kan náà ni. Orí ẹ̀yà abo ní tirẹ̀ máa ń lẹ̀ díẹ̀, kí àtíkè tó bá bà síbẹ̀ má bàa ṣubú. Tí hóró àtíkè kan bá bà lé e, tí ibẹ̀ sì gbà á, á yọ okùn tín-ín-rín kan tí yóò wọ inú ẹ̀yà abo lọ sísàlẹ̀, títí á fi dé ọ̀dọ̀ ẹyin tó wà nídìí òdòdó. Ibẹ̀ ni akọ àti abo ti ń pàdé. Lẹ́yìn náà òdòdó á rọ, ìdí rẹ̀ á wú, á sì di èso.

Ẹ kíyè sí i pé ìgbésẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Kí àtíkè dé orí ẹ̀yà abo, ìyẹn ni gbígba àtíkè. Kí akọ àti abo pàdé nísàlẹ̀, nǹkan mìíràn nìyẹn. Àtíkè lè dé kí ìpàdé má ṣẹlẹ̀. A máa pa dà síbẹ̀ tí a bá dé ọ̀dọ̀ obì.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tí a nílò ni "gba àtíkè", ó sì rọrùn láti lò. Òdòdó ti gba àtíkè. Òdòdó kò gba àtíkè. Ó ń gba àtíkè lọ́wọ́ oyin. Ó ń gba àtíkè lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Lẹ́nu àwọn tó bá ń sọ̀rọ̀ kíákíá, fáwẹ̀lì kan á kú, ẹ ó sì gbọ́ "gbàtíkè". Tí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ orúkọ, ẹ ní "gbígba àtíkè". Ó tán.

Ní ti autogamy fúnra rẹ̀, èdè Gíríìkì ni wọ́n fi hun ún: autos ni ara ẹni, gamos ni ìgbéyàwó. Tí a bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, á di "ìgbéyàwó ara ẹni". Mo bẹ̀ yín, ẹ má túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ìdílé méjì ló ń ṣe ìgbéyàwó. Tí ẹnì kan bá fẹ́ ara rẹ̀, ta ni alága ìdúró, ta ni alága ìjókòó? Àwọn Gíríìkì lè fi ìgbéyàwó sínú òdòdó, ṣùgbọ́n ní Yorùbá, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni ká sọ: òdòdó ń gba àtíkè, ti ara rẹ̀ ló sì ń gbà.

Àwọn ọ̀nà mẹ́ta tí mo wí nìyí o. Ẹ ka gbólóhùn mẹ́ta yìí sókè:

Dàpọ̀ wa ọkọ̀ ara rẹ̀ lọ sí Dallas.
Dàpọ̀ wa ọkọ̀ lọ sí Dallas fúnra rẹ̀.
Dàpọ̀ dá wa ọkọ̀ lọ sí Dallas.

Nínú ti àkọ́kọ́, ọkọ̀ ta ni a ń sọ. Ti Dàpọ̀ ni, kò yá a. Nínú èkejì, ẹni tó wà á là ń sọ. Dàpọ̀ ló di sítíárì mú, kò gba dírẹ́bà. Ọkọ̀ náà lè jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nínú ẹ̀kẹta, òun nìkan ló lọ, ẹnikẹ́ni kò bá a lọ. "Ara rẹ̀" ń dáhùn ìbéèrè "ti ta ni?" "Fúnra rẹ̀" ń dáhùn "ta ló ṣe é?" "Dá" ń sọ pé kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa kì í kó wọn pọ̀ tó bá dọ̀rọ̀ ọkọ̀. Àmọ́ tó bá dọ̀rọ̀ ewéko, tí a ti ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, àá kàn bá self- níwájú gbogbo nǹkan, àá sì gbàgbé pé èdè tiwa ti ya ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún wa.

Ẹ wá jẹ́ ká kó wọn lọ sínú ọgbà.

Tòmátì ń gba àtíkè ara rẹ̀. Òótọ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Peckham rí self-pollinating lẹ́yìn páálí irúgbìn tó rà, ó sì gbìn ín sínú ìkòkò nínú yàrá ìdáná. Ó hù, ó ga, ó yọ òdòdó tó rẹwà. Lẹ́yìn náà òdòdó ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, èso kò wá. Ó pè mí, ó ní ṣebí wọ́n ní kò nílò ẹnikẹ́ni. Ẹ ò rí i? "Ara rẹ̀" ni páálí ń sọ, "fúnra rẹ̀" ló gbọ́.

Àwọn ẹ̀yà akọ inú òdòdó tòmátì so pọ̀ yí ẹ̀yà abo ká bí ọ̀pá kékeré kan tó ní ihò nínú. Inú ọ̀pá yìí ni àtíkè wà, kì í sì í tú jáde bí kò bá sí ohun tó mì ín. Níta gbangba, afẹ́fẹ́ máa ń mì í. Oyin ńlá onírun tí wọ́n ń pè ní bumblebee náà máa ń di òdòdó mú, á gbọn iṣan ara rẹ̀ kíkankíkan, ẹ ó máa gbọ́ ìró rẹ̀, àtíkè á sì dà sílẹ̀ bí iyọ̀. Láti òpin àwọn ọdún 1980 ni àwọn tó ń gbin tòmátì sínú ilé onídígí ní Yúróòpù ti ń ra àpótí oyin yìí, kó lè wá ṣiṣẹ́ yẹn fún wọn. Nínú yàrá ìdáná tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa, kò sí afẹ́fẹ́, kò sí oyin. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi máa fi ìka ta igi òdòdó náà pẹ́pẹ́ lọ́sàn-án nígbà tí òdòdó bá gbẹ, tàbí kó fi ẹ̀yìn búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín oníbátìrì kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Àtíkè náà ṣì jẹ́ ti òdòdó náà gan-an. Olùrànlọ́wọ́ nìkan ni kò ní tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀wà ni ó ṣe méjèèjì. Ó ń gba àtíkè ara rẹ̀, ó sì ń gbà á fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá ti gbin ẹ̀wà wa rí, irú èyí tí a fi ń ṣe àkàrà àti mọ́ínmọ́ín, ẹ máa mọ̀ pé àárọ̀ kùtùkùtù ni òdòdó rẹ̀ máa ń là. Kó tó di ọ̀sán, ó ti pa dé, kì í sì í tún ṣí mọ́. Ìbá jẹ́ pé oyin ló gbójú lé, àkókò yẹn kò pọ̀. Ṣùgbọ́n kì í dúró de oyin. Ewé òdòdó méjì tó wà nísàlẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, wọ́n di akọ àti abo pọ̀ sínú bí ìgbà tí èèyàn bá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo nǹkan. Inú ibẹ̀ ni àtíkè ti máa ń tú, kí oyin tó jí rárá. Nígbà tí oyin bá fi máa dé, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àwọn tó ń da irú ẹ̀wà méjì pọ̀ fi gba sùúrù. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣáájú òdòdó. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á mú ìrudi tó máa là lọ́la, wọ́n á rọra fi irin tín-ín-rín ṣí i, wọ́n á sì yọ ẹ̀yà akọ rẹ̀ kúrò kó tó tú àtíkè. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á mú àtíkè láti ara ẹ̀wà mìíràn, wọ́n á fi kan orí abo náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣe é, pẹ̀lú ọwọ́. Ìbàdàn ni ọ̀kan nínú àwọn ibi tí irú iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ wà, ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Wọ́n ní irú ẹ̀wà tó ju 15,000 lọ nínú ilé ìpamọ́ irúgbìn wọn. Ẹ fojú inú wò ó: 15,000, ẹ̀wà nìkan.

"Dá" ló kù. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀wà "ń dá so", mo sì ti rí ẹni tó fẹ́ kí a máa pe autogamy ní "ìdáso". Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó dùn-ún pè, àmọ́ èmi ò ní lò ó fún ẹ̀wà, nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ni ín. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí a ń rà nílé ìtajà kì í gba àtíkè rárá kó tó so: kò gba ti ara rẹ̀, kò gba ti ẹlòmíràn. Abo òdòdó rẹ̀ kàn máa ń wú di ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Nítorí náà ni kò fi ní hóró. Àwọn àmì dúdú kéékèèké tí ẹ máa ń rí láàárín rẹ̀ tí ẹ bá gé e, ibi tí ì bá di hóró ni. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó hù nídìí ìyá rẹ̀ la sì ń wú gbìn. Ìyẹn gan-an ni ó dá so. Tí a bá wá fún ẹ̀wà ní orúkọ yẹn, a ti gba orúkọ lọ́wọ́ olórúkọ.

Ẹlòmíràn á ní ká hun un: ìdágbàtíkè. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́nu, ó jọ pé mò ń sọ̀rọ̀ nípa ìdàgbàsókè ìlú. Èrò tèmi ni pé kí a fi í sílẹ̀ ní gbólóhùn: gbígba àtíkè ara ẹni. Kò sí òfin tó ní gbogbo ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Tí ẹ bá ń sọ ti òdòdó kan pàtó, ẹ ní "ó ń gba àtíkè ara rẹ̀". Tó bá ń ṣe é láìsí olùrànlọ́wọ́, ẹ fi "fúnra rẹ̀" kún un: "ó ń gba àtíkè ara rẹ̀ fúnra rẹ̀". Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ẹni tó gbọ́ ọ kò ní ṣì í gbọ́.

Autogamy ní ìbátan méjì tí a kò lè ṣàì dárúkọ, nítorí wọ́n máa ń wà nínú ìwé kan náà. Geitonogamy: geiton ni aládùúgbò lédè Gíríìkì. Òdòdó kan ló gba àtíkè òdòdó mìíràn, ṣùgbọ́n orí igi kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Xenogamy: xenos ni àlejò. Àtíkè náà wá láti orí igi mìíràn. Àtíkè ara ẹni, àtíkè aládùúgbò, àtíkè àlejò: Yorùbá gba àwọn yẹn wọlé láìsí wàhálà kankan. Elégédé ló máa ń fi ti aládùúgbò hàn mí dáadáa. Kò ní òdòdó takọtabo. Akọ òdòdó wà lọ́tọ̀, abo òdòdó wà lọ́tọ̀ (ẹ máa rí elégédé kékeré bíńtín nídìí abo). Nítorí náà òdòdó elégédé kò lè gba àtíkè ara rẹ̀ láéláé. Àmọ́ oyin lè gbé àtíkè láti ara akọ lọ sára abo lórí ìtàkùn kan ṣoṣo, á sì so. Ó jọ ìgbà tí ẹ bá gbé fáìlì láti fóldà kan sí òmíràn lórí kọ̀ǹpútà kan náà. Fáìlì ti rìn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tuntun tó wọ inú kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ ohun tuntun yìí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ irúgbìn, ibẹ̀ ni mo sì rò pé èrè ẹ̀kọ́ yìí pọ̀ sí jù.

Gregor Mendel, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì kan ní ìlú Brno, tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí, ló kọ́kọ́ fi nọ́ńbà hàn wá bí àbùdá ṣe ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ. Ọdún 1866 ni ìwé rẹ̀ jáde. Ẹ̀wà pea ló lò, àwọn róbótó aláwọ̀ ewé tí wọ́n máa ń dà sínú fúráìdì ráìsì. Kí nìdí tó fi yàn án? Nítorí pea náà ń gba àtíkè ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Tó bá ti da irú méjì pọ̀ pẹ̀lú ọwọ́, ó kàn máa fi ọmọ wọn sílẹ̀, òdòdó á sì ṣe ìyókù láìsí àtíkè àlejò tó máa da ìṣirò rú. Ó da èyí tí hóró rẹ̀ yi pọ̀ mọ́ èyí tí hóró rẹ̀ hunjọ. Gbogbo hóró tí ó rí ló yi. Ó gbin wọ́n, wọ́n gba àtíkè ara wọn, ó ka hóró tí wọ́n so: 5,474 yi, 1,850 hunjọ. Ẹ pín wọn, ẹ ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́ta sí ọ̀kan. Ìhunjọ tó dà bí ẹni pé ó ti kú, ó wà níbẹ̀, ó sá pamọ́ ni.

Èmi fẹ́ràn láti rí i bí lúùpù. Ewéko kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà méjì lára jíìnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ akọ, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ abo. Ká ní ẹ̀dà méjèèjì yàtọ̀ síra. Nígbàkigbà tí ewéko náà bá gba àtíkè ara rẹ̀, ìdajì ìyàtọ̀ yẹn á lọ. Láti 100%, ó di 50% láàárín àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà 25%, lẹ́yìn náà 12.5%. Tó bá fi máa di ìran keje, kò tó 1% mọ́. Ìlà kóòdù mẹ́ta ló gbà láti ṣe ìṣirò yẹn, iye náà kì í sì í pa dà sókè àfi tí àtíkè àlejò bá wọlé. Ohun tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ni ewéko tí ọmọ rẹ̀ jọ ọ́, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ náà jọ ọ́.

Ní ti ẹ̀wà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni lúùpù yẹn ti ń yí. Tí ìyá àgbà yín bá ní ẹ̀wà kan tó dùn, tó sì ń yọ hóró díẹ̀ pa mọ́ fún gbíngbìn lọ́dọọdún, ẹ̀wà yẹn náà ló ń jẹ látọjọ́ yìí. Kò nílò ilé iṣẹ́ kankan láti bá a tọ́jú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀pà àti ìrẹsì.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra níbi kan. Tòmátì tí wọ́n kọ F1 sí lára páálí rẹ̀ ń gba àtíkè ara rẹ̀ bíi ti gbogbo tòmátì, síbẹ̀ ọmọ rẹ̀ kì í jọ ọ́. Ọmọ irú méjì ni F1. Ibi tí lúùpù ti bẹ̀rẹ̀ ni ó wà, ní 100%. Tí ẹ bá gbin hóró rẹ̀, ẹ ó rí èyí tó tóbi, èyí tó kéré, èyí tó kan, bí ìhunjọ ṣe yọ jáde lọ́wọ́ Mendel. Àwọn kan máa ń rò pé ilé iṣẹ́ irúgbìn ló fi nǹkan sí i kó má bàa ṣe é tún gbìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò lásán ni.

Àgbàdo yàtọ̀ pátápátá. Akọ rẹ̀ wà lókè bí ìrùkẹ̀rẹ̀, abo rẹ̀ wà lára ọmọ àgbàdo, irun tí a máa ń ya dànù yẹn. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé àtíkè rẹ̀ kiri láti oko dé oko. Tí ẹ bá fipá mú un gba àtíkè ara rẹ̀ fún ìran mélòó kan, á rẹ̀yìn: á kúrú, ọmọ rẹ̀ á tín-ín-rín. Charles Darwin kọ odidi ìwé lórí irú nǹkan báyìí ní 1876, ó sì rí i nínú ọ̀pọ̀ ewéko tó dán wò pé àwọn tí àtíkè àlejò bí sábà máa ń ga, wọ́n sì máa ń lágbára ju àwọn tí àtíkè ara ẹni bí lọ. Àbùkù tó sá pamọ́ ló ń rí àyè jáde. Lára ẹ̀wà, ọ̀pọ̀ irú àbùkù bẹ́ẹ̀ ti jáde tipẹ́tipẹ́, àwọn tó gbé wọn sì ti kú dànù kí a tó bí baba ńlá wa.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà yìí ní apá kan tó ń fa àríyànjiyàn ní Nàìjíríà títí di òní. Ní 2019, ìjọba fọwọ́ sí i kí àwọn àgbẹ̀ máa gbin SAMPEA 20-T, ẹ̀wà tí wọ́n fi jíìnì kan sí láti gbógun ti Maruca, kòkòrò tó máa ń lu èèpo ẹ̀wà jẹ hóró inú rẹ̀. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria wà lára àwọn tó ṣe é. Tí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ní àgbẹ̀ kò ní lè yọ irúgbìn láti ara rẹ̀ torí pé jíìnì náà á pòórá, ẹ ti mọ ìdáhùn: ẹ̀wà ń gba àtíkè ara rẹ̀, jíìnì tó bá ti dúró lára rẹ̀ á máa bá ọmọ lọ. Tí ẹlòmíràn bá sì ní kò lè kan ẹ̀wà aládùúgbò láéláé, ìyẹn náà ti ju ẹnu lọ. Ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ oyin ńlá máa ń fipá ṣí òdòdó ẹ̀wà nígbà mìíràn, ẹ̀wà ìgbẹ́ sì pọ̀ nílẹ̀ wa. "Ṣọ̀wọ́n" àti "láéláé" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, àwa tó ń kọ kóòdù la mọ̀ ọ́n jù.

Herbert Baker, onímọ̀ ewéko kan, kọ̀wé ní 1955 nípa ohun kan tó máa ń wá sí mi lọ́kàn tí mo bá ń jẹ àkàrà lókè òkun. Ó ní ewéko tó lè gba àtíkè ara rẹ̀ ló sábà máa ń fìdí múlẹ̀ tí irúgbìn bá rìn jìnnà dé ilẹ̀ tí kò ní ẹbí. Hóró kan ṣoṣo tó. Bó bá ti hù, tó yọ òdòdó, kò nílò ẹnì kejì. Ẹ̀wà wa ti Áfíríkà wá. Nígbà òwò ẹrú ló sọdá Òkun Àtìláńtíìkì. Lónìí òun ni acarajé tí àwọn obìnrin Bahia ń dín nínú epo pupa lẹ́bàá ọ̀nà, òun náà sì ni black-eyed peas tí àwọn ará gúúsù Amẹ́ríkà ń sè lọ́jọ́ ọdún tuntun. Èèyàn ló gbé e, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tó débẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan tó láti bẹ̀rẹ̀ oko.

Obì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ igi obì gbànja ni kì í gba àtíkè ara rẹ̀. Tàbí kí n sọ ọ́ bó ṣe yẹ: àtíkè rẹ̀ lè dé orí abo, ṣùgbọ́n ìpàdé ìsàlẹ̀ kò ní so èso. Igi náà dá ara rẹ̀ mọ̀, ó sì kọ ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ igi kòkó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, láìka pé kòkòrò tó ń gbé àtíkè rẹ̀ kéré ju ẹ̀fọn lọ. Ẹni tó bá gbin igi obì kan ṣoṣo sẹ́yìn ilé lè máa rí òdòdó lọ́dọọdún láìrí obì. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, òfin obì nìyẹn. Ní Yorùbá, ẹ ní "ó kọ àtíkè ara rẹ̀". Gbà, kọ̀: mo rò pé kò sí èdè tó lè sọ ọ́ kó mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Ata àti ilá ló wà láàárín, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti máa nílò ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n ń gba àtíkè ara wọn, wọ́n sì ń gba ti àlejò tí oyin bá gbé e wá. Tí ẹ bá gbin ata rodo sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ata mìíràn tó lè bá a so, èso ọdún yìí á dára, àmọ́ hóró inú rẹ̀ lè bí ata tí ẹ ò mọ̀ rí lọ́dún tó ń bọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí irú rẹ̀ dúró, ẹ wá àpò aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n máa ń fi pín súfẹ́nìà lóde ìnáwó. Mo mọ̀ pé ó wà nílé yín. Ẹ fi bo ẹ̀ka tí ìrudi wà lórí rẹ̀ kí òdòdó kankan tó là, ẹ so ẹnu rẹ̀ kí oyin má ráyè wọlé, kí ẹ sì máa mì ín díẹ̀ láràárọ̀. Nígbà tí ẹ bá rí i pé ata ti yọ, ẹ tú àpò náà, ẹ so òwú pupa mọ́ ọrùn ata yẹn. Ẹ jẹ ìyókù. Èyí tó ní òwú lọ́rùn, ẹ jẹ́ kó pọ́n dáadáa lórí igi, kí ẹ tó yọ hóró rẹ̀ sá.